Orí Mímì Kì Í Ṣe Ìyọ̀ǹda

Àga Hser Ku ṣófo.

Paw Wah dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀. Ó wo apá fèrèsé. Àwọn ọmọ Kárẹ́nì mẹ́rin, ẹ̀yà kan láti Bọ́mà, ló máa ń jókòó níbẹ̀, òun náà a sì fa àga sáàárín wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo tábìlì.

"Hser Ku dà?"

Ọ̀kan nínú wọn fi ẹnu júwe ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ó bá ọmọbìnrin náà lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá agbaninímọ̀ràn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kúkúrú, irun rẹ̀ gùn dé ìbàdí. Ó gbé àpò pupa tí ìyá àgbà rẹ̀ hun fún un lé itan, ó sì tẹ ìwé kan mọ́ ọn lórí bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Thramu."

Thramu ni àwọn Kárẹ́nì ń pe olùkọ́ obìnrin. Ọdún mẹ́rìnlá ni Paw Wah fi kọ́ ọmọ nínú ilé oparun ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Bọ́mà. Káàdì tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi kọ́ ọ lọ́rùn kò mọ ìyẹn. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbí? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

"Wọ́n ní kí n má wọ kíláàsì yẹn mọ́."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi."

Paw Wah gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti òní lọ, Hser Ku kò ní kọ́ sáyẹ́ǹsì mọ́. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ilé kejì lẹ́yìn pápá ni yóò máa lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì àti bí a ṣe ń fọ ilé ìdáná. Ìwé náà kò sọ ìyókù, ṣùgbọ́n Paw Wah mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì kò ní gba ìwé ẹ̀rí pípé. Ẹni tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí pípé, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Nọ́ọ̀sì ni Hser Ku ní òun ó ṣe. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí ibà pa ìyá rẹ̀ ní àgọ́, ibà tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ìbá wò sàn.

Orúkọ bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé: Kler Doh. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró bí òpó ọgbà.

"Ìgbà wo ló bu ọwọ́ lù ú?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n pè é láti ibi iṣẹ́."

"Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀? Mi ò sí níbí lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n rán mi lọ."

"Wọ́n mọ̀, Thramu."

Paw Wah kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ọmọ náà.

Hser Ku kì í ṣe olódo. Ìwé kan wà láàárín òun àti Paw Wah, tí etí rẹ̀ ti ká. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì, Kárẹ́nì wà lápá ọ̀tún, àwòrán wà láàárín: ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka síbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Nínú ìdánwò tó kọjá, ọmọ náà gba mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Paw Wah mú àwọn ìbéèrè kan náà, ó kà wọ́n fún un ní Kárẹ́nì lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó gba mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Orí rẹ̀ tó ń mì ló ń pa á. Ọ̀gbẹ́ni Brandt, tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, a sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, a dúró, a bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Àwọn Kárẹ́nì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a mi orí bí alángbá. Kò yé wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wí fún olùkọ́ pé kò yé òun ti bú olùkọ́ náà. Ó ti sọ fún un pé kò mọ iṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti wá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Ohun tí orí mímì ń wí kò ju pé: mo gbọ́ ohùn yín, ẹ kú iṣẹ́. Brandt gbà pé ó ti yé wọn. Tí èsì ìdánwò bá jáde, a mi orí tirẹ̀ náà. Ọmọ tó ní ó yé òun, tó tún wá fìdí rẹmi, kí ni kí èèyàn sọ pé ó ṣe é? Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò jí.

Orí tó ń mì yẹn náà ni bàbá rẹ̀ gbé lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì.

Paw Wah kan ilẹ̀kùn agbaninímọ̀ràn. Halloran ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó wọ táì, àwo súìtì wà lórí tábìlì rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló mú un ṣòro láti bá jà.

"Ìyáàfin Wah! Ẹ wọlé."

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń pè é ní Wah. Kárẹ́nì kò ní orúkọ ìdílé. Ó ti gé orúkọ obìnrin náà sí méjì, ó ń pe ìdajì.

"Ọ̀rọ̀ Hser Ku ni mo bá wá."

"Bàbá rẹ̀ gbà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ògbufọ̀ dà?"

"Mo bi í bóyá ó fẹ́ ògbufọ̀. Ó ní ó yé òun."

"Èdè wo lẹ fi bi í?"

Halloran rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti àwo súìtì sún mọ́ ọn. "Ìyáàfin Wah, ìyà ń jẹ ọmọ yẹn ní kíláàsì. Mo fẹ́ kó rí ohun tó rọrùn ṣe ni. Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Olùrànlọ́wọ́ lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe olùkọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ máa túmọ̀. Ṣé ó yé yín?"

Paw Wah mi orí.

Ó ti rìn dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣe. Ó dúró. Etí rẹ̀ gbóná bí ti ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó yí padà, ó ṣí ilẹ̀kùn láìkàn án.

"Rárá," ni ó wí. "Kò yé mi. Bàbá ọmọ ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Èmi ni n ó túmọ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá àgbà."

Ó ti ilẹ̀kùn kí ọkùnrin náà tó la ẹnu.

Kler Doh ti dé láti ilé iṣẹ́ wàrà nígbà tí Paw Wah gun òkè ilé wọn nírọ̀lẹ́. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Ọbẹ̀ ọ̀mùnú oparun ń hó lórí iná. Ìyá Kler Doh jókòó sórí ẹní, ó ń jẹ obì wọn tó ń mú ẹnu pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Ṣé o ti jẹ ìrẹsì?"

"Mo ti jẹ, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa. Jókòó jẹun."

Ó jẹun. Nígbà tí àwo mọ́, Kler Doh bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ó fún mi ní súìtì. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ 'Hser Ku.' Mo gbọ́ 'dára.' Mo rò pé wọ́n ń yìn ín ni, Thramu."

Hser Ku dìde, ó lọ ń fọ abọ́. Abọ́ ń han goro.

"O wá mi orí," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Kí ni kí n ṣe? Ọ̀gá ni. Ó wọ táì."

"Ìwọ yìí lo pọ̀n mí kọjá odò tí àwọn ṣọ́jà ń yìnbọn lẹ́yìn wa." Ìyá àgbà tutọ́ pupa sínú agolo. "Ìbọn kò bà ọ́ lẹ́rù. Táì ló wá bà ọ́ lẹ́rù."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé irọ́ ni?"

Paw Wah gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ má dá òun nìkan lẹ́bi, Màmá. Èmi náà jẹ̀bi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń da oyin sí ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ yín ń kùnà, mo máa ní wọ́n ní kó gbìyànjú sí i. Tí ẹ̀yin bá ní ẹ óò rò ó wò, tí gbogbo wa mọ̀ pé rárá lẹ wí, mo máa sọ fún wọn pé ẹ ti gbà. Mo ní kí àlàáfíà lè wà."

"A mọ̀, Thramu," ni Kler Doh wí. "Àwa náà la fẹ́ oyin."

"Oyin ti tán, Bàbá Hser Ku. Ọjọ́bọ̀ lẹ ń padà lọ. Ẹnu yín ni rárá yóò ti jáde. Mi ò lè bá yín sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní èmi ló wí i."

"Mi ò sọ ọ́ sí àgbà rí."

"A óò kọ́ ọ."

Hser Ku nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé táì tí bàbá rẹ̀ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ó so ó mọ́ ọrùn lórí súwẹ́tà. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi ata gbígbẹ sínú àwo, ó tì í síwájú.

"Ọ̀gbẹ́ni Doh!" Ohùn rẹ̀ jìn bí ti Halloran gẹ́lẹ́. "Ẹ mú súìtì. Ẹ bá mi bu ọwọ́ lu ìwé kékeré yìí."

Kler Doh ti àwo ata náà sẹ́yìn. Ó gbéra ró. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá, rárá, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ ni."

Obì fẹ́ pa ìyá àgbà. Paw Wah ní láti gbá a lẹ́yìn.

"Mẹ́rin lo sọ!" ni ìyá àgbà wí nígbà tó rí èémí mí. "Ẹyọ kan la ní kó o sọ!"

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ni Hser Ku wí. "Ọ̀gbẹ́ni Doh, ṣé ẹ ó mu kọfí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ti ṣubú, Bàbá! Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà wọlé. Kọfí ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú yín."

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ṣe é ní Ọjọ́rú. Ẹnu Kler Doh kọ́ ọ. Orí ni kò kọ́ ọ. Bó ti ń wí rárá, bẹ́ẹ̀ ni orí ń lọ sókè sódò.

"Orí rẹ ò gbọ́ràn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí kò bá gbọ́ràn, dì í mú."

Ní Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán, wọ́n wọ yàrá ọ̀gá àgbà. Ìyáàfin Vescio ni, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, tí ìwé kún iwájú rẹ̀. Halloran jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀. Kler Doh wọ ẹ̀wù híhun pupa ti Kárẹ́nì lórí súwẹ́tà, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Hser Ku dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá ìwé àwòrán rẹ̀ mọ́ra.

"Ṣé ẹ ó mu kọfí?" ni Halloran wí.

"Rárá."

"Omi ńkọ́?"

"Rárá."

"Ẹ jókòó."

"Rárá."

"Ẹ jókòó, Bàbá Hser Ku," ni Paw Wah wí ní Kárẹ́nì. "Ti àga kọ́ nìyẹn."

Ó jókòó.

Halloran sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní ọmọ náà jẹ́ ọmọ rere. Ó ní ẹ̀kọ́ yẹn ju agbára rẹ̀ lọ, pé iṣẹ́ ọwọ́ ló bá irú wọn mu. Paw Wah yíjú sí Kler Doh. Tẹ́lẹ̀, ibi tó máa ń bu oyin nìyí.

"Ó ní ọmọ rere lọmọ yín. Ó ní kò lè ṣe é. Ó ní títẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló bá irú wa mu."

Ojú Kler Doh yí padà. Kò sẹ́ni tó ti sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ rí. Halloran rí i.

"Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ ṣe sọ ọ́?"

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an," ni Paw Wah dáhùn. "Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ rè é."

Ìyáàfin Vescio fi ara ti tábìlì. Ó wo ọkùnrin náà lójú, ó sì fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Doh. Ṣé ó yé yín, ṣé ẹ sì gbà?"

Orí Kler Doh bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Paw Wah rí i. Hser Ku rí i. Halloran náà rí i, ó sì nawọ́ sí gègé.

Kler Doh gbé ọwọ́ sókè, ó fi gbá àgbọ̀n ara rẹ̀ mú. Ó dì í mú bí ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú. Orí náà dúró. Ọwọ́ tó ń gbé garawa wàrà lójoojúmọ́ ni, ó lágbára.

"Rárá," ni ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ó yọ ọwọ́ kúrò ní àgbọ̀n. Orí kò mì. Ó tún un wí, ó wá bọ́ sí Kárẹ́nì, Paw Wah sì ń túmọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò.

"Ó ní: mo bu ọwọ́ lu ìwé tí n kò lè kà, torí pé ẹni tó gbé e wá ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Mo gba ọwọ́ mi padà. Ọmọ mi kò kúrò ní kíláàsì yẹn."

"Ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé," ni Halloran wí. "Tó bá di aago mẹ́rin ọ̀la, kò sí àyípadà mọ́."

Paw Wah fa bébà kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá àgbà. "Ìwé tí òbí bá fọwọ́ sí láìsí ẹni tó tú u sí èdè rẹ̀, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin yín ni. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ má bàa fò ó."

Ìyáàfin Vescio kà á. Ó wo Halloran. Halloran wo fèrèsé.

"N ó yẹ̀ ẹ́ wò," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ẹ máa lọ sílé. A óò pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Paw Wah túmọ̀ rẹ̀. Kler Doh kò dìde. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó gbé abọ́ kan jáde, ó ṣí i. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ata àti ẹja tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa mọ́ títí tó fi kẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ó kọ́kọ́ nawọ́ abọ́ náà sí ọ̀gá àgbà, bó ti yẹ kí ọmọlúwàbí ṣe.

"Ó ń bi yín bóyá ẹ ti jẹun," ni Paw Wah wí.

"Mo ti jẹun. Ẹ sọ fún un pé a óò pè é."

"Ó ti gbọ́. Ó ní ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi sọ fún òun ní àgọ́ pé a óò pè yín. Ó ní bí iṣẹ́ kan bá wà láyé tí òun mọ̀ ọ́n ṣe, jíjókòó ni."

Ó ń jẹun. Kò yára. Agogo lù, àwọn ọmọ jáde, ọkọ̀ wọn lọ. Halloran ní òun ní ìpàdé níbòmíràn, ó mú táì rẹ̀ lọ. Ìyáàfin Vescio ka ìwé rẹ̀, ó bu ọwọ́ lu àwọn kan, ó dáhùn fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà tó bá gbójú sókè, ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, yìnyín tún ń rọ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà na ọwọ́ sí Hser Ku. "Kí ni ìwé tó o gbá mọ́ra yẹn?"

Hser Ku fún un. Ó ṣí i, ó ń ṣí ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Ó dúró lórí àwòrán kan.

"Kí lèyí?"

Ọmọ náà wo Paw Wah. Paw Wah kò mi orí, kò sì sọ nǹkan kan.

"Kíndìnrín," ni Hser Ku wí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ. "Ẹ̀jẹ̀ wọlé níbí. Ẹ̀jẹ̀ dọ̀tí. Kíndìnrín sẹ́ ẹ. Omi dọ̀tí jáde síbí. Ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó padà. Tí kíndìnrín bá kú, ènìyàn wú. Mo ti rí i. Ní àgọ́."

Ìyáàfin Vescio pa ìwé náà dé, ó gbé e padà fún un. Ó mú ìwé tí Kler Doh fọwọ́ sí, ó fa ìlà lé e láti igun dé igun, ó kọ ọjọ́ sí i.

"Oṣù kìíní ni ìdánwò. Ìyáàfin—" Ó dúró. "Kí ni orúkọ yín gan-an?"

"Paw Wah. Méjèèjì pọ̀ ni."

"Paw Wah, ẹ̀yin lẹ óò ka ìbéèrè fún un ní èdè rẹ̀. Bí kò bá yege, a óò tún jókòó sọ̀rọ̀."

Paw Wah túmọ̀. Kler Doh dé abọ́ rẹ̀.

"Ó ní kò burú. Ó ní òun á tún gbé ìrẹsì wá."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Paw Wah rí lẹ́tà kan nínú àpótí rẹ̀. Halloran ló kọ ọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní máa túmọ̀ ní ìpàdé àwọn òbí mọ́. Ògbufọ̀ orí fóònù ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa lò. Kíláàsì nìkan ló kù fún un.

Ó ká lẹ́tà náà sínú àpò. Kò bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Thramu," ni Kler Doh wí nígbà tó gbọ́. "Nítorí wa ni."

"Ẹ má kí mi pẹ̀lẹ́. Fóònù náà létí. Yóò gbọ́ rárá."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn orin ìkẹyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Paw Wah ní kí àwọn òbí Kárẹ́nì má tíì lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àwo súìtì wà lórí rẹ̀, Hser Ku sì jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú táì bàbá rẹ̀. Àwọn òbí tò. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún, obìnrin mẹ́tàlélógún. Kler Doh dúró sápá kan bí ọ̀gá iṣẹ́.

"Ẹni tí orí rẹ̀ bá ń mì," ni ó ń wí fún wọn, "ẹ di àgbọ̀n mú. Ó ń dùn díẹ̀. Ó máa ń kọjá."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

"Ìyá, ẹ bá mi bu ọwọ́ lu—"

"Rárá! Tú táì ọmọ mi sílẹ̀!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìlà náà kò tú.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mẹ́rin wà lápá fèrèsé. Paw Wah fa àga rẹ̀ sáàárín wọn. Brandt sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí bí omi ṣe ń gba ara ewé gòkè. Ó dúró, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Ṣé ó yé yín?"

Orí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Hser Ku dìde. "Rárá," ni ó wí.

Àwọn ọmọ tó wà níwájú yíjú padà wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Kò yé mi. Láti ibi gbòǹgbò. Ẹ tún un sọ."

Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọwọ́ lọ sí àgbọ̀n.

Brandt wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nu pátákó, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.